Àlàfo Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Gìtá kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé wa ní Àjàṣẹ́, àwa méjì ni a sì ń fi í kọ́ orin: ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò obìnrin, ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan. Bí ọ̀kan nínú wa bá gbé gìtá lé itan, èkejì a jókòó ti rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì, ìka rẹ̀ a sì wà lórí bọ́tìnnì tí a fi ń dá a dúró. Bí ẹni tí ó ń ta gìtá bá ṣìnà, èkejì a tẹ bọ́tìnnì, a dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn díẹ̀, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni a fi ṣe èyí ní alaalẹ́, láti ìgbà tí a bá ti parí iṣẹ́ ilé-ìwé títí di ìgbà tí ìyá wa bá pè láti inú yàrá pé àwọn aládùúgbò fẹ́ sùn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ "àwa" nínú ìtàn yìí. Ohun tí a mọ̀, àwa méjèèjì ni a jọ mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe tí a ó sì ròyìn rẹ̀, àwa méjèèjì ni a jọ ṣe é.

Ogún ni gìtá náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo agbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà, ni wọ́n ni ín. Aránṣọ ni wọ́n ní ọ̀sán. Ní alẹ́ Sátidé, wọn a máa ta básì nínú ẹgbẹ́ olórin kan ní ìgboro. A kéré nígbà tí wọ́n papòdà, a kò sì bá wọn jókòó rí láti kọ́ ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a bá nínú yàrá wọn ni gìtá tí a fi àǹkárá wé, àti páálí kan tí ó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Kò sí olùkọ́ básì ní àdúgbò wa. Kásẹ́ẹ̀tì ni olùkọ́ tí a rí.

Fún àwọn òǹkàwé tí kò tíì di ohun èlò yìí mú rí, ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Okùn mẹ́rin ni básì ní, wọ́n sì nípọn ju ti gìtá lásán lọ. Mi ni okùn tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni la, lẹ́yìn la ni ré, lẹ́yìn ré ni sol. Bí a bá ta okùn mi láìfi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́, nǹkan bí ìgbà 41 ni ó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ ni etí ènìyàn kì í sábà gbọ́ ohun tí ó bá ń gbọ̀n dín ní ìgbà 20. Leo Fender, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé irú básì oníná tí ó tàn ká ayé yìí jáde ní 1951. Ṣáájú ìgbà náà, básì onígi gíga, tí ènìyàn ń dúró tì bí ẹni tí ó di òpó mú, ni àwọn olórin ń lò. Fender fi àwọn ìlà irin dábùú ọrùn gìtá, kí ìka lè rí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ń gbé láìṣìnà. Nítorí èyí ni ó ṣe sọ ọ́ ní Precision, orúkọ tí ẹni tí ó bá gbọ́ Faransé yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Oníná ni básì wa, ṣùgbọ́n a kò ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Básì oníná tí kò sí ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, orí gìtá ṣèèṣì kan àpótí aṣọ onígi ti ìyá wa, gbogbo àpótí náà sì dáhùn. Láti ọjọ́ náà, a ń jókòó lọ́nà tí orí gìtá yóò fi fara ti ilẹ̀kùn àpótí. Igi a gba ohùn lẹ́nu okùn, a sọ ọ́ di ńlá, a ó sì máa gbọ́ ọ nínú eegun àyà wa. Ìyá wa ní aṣọ òun ni yóò kọ́kọ́ mọ orin náà kí àwa tó mọ̀ ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí kásẹ́ẹ̀tì fi hàn wá ni pé a kò tíì mọ bí a ti ń gbọ́ orin. Nínú páálí Bàbá Àgbà, orin Orchestre Poly-Rythmo ni ó pọ̀ jù, ẹgbẹ́ tí Clément Mélomé dá sílẹ̀ ní Kùtọnu ní 1968. Kò sí ọmọ orílẹ̀-èdè wa tí kò jó sí orin wọn rí. Àwa náà ti jó sí i láti ẹ̀yìn ìyá wa. Síbẹ̀, nígbà tí a jókòó láti wá ohun tí Gustave Bentho ń fi básì ṣe nínú rẹ̀, a kò rí i mú. Etí wa a sáré tọ akọrin lọ, láti ọ̀dọ̀ akọrin sí ọ̀dọ̀ fèrè, láti ọ̀dọ̀ fèrè sí ọ̀dọ̀ gìtá kékeré. Básì wà nísàlẹ̀ wọn, ó gbé gbogbo wọn ró, kò sì pe ara rẹ̀ ní nǹkan kan. Bí ìpìlẹ̀ ilé ni ó rí: àlejò tí ó wọlé yóò yin òrùlé, yóò yin fèrèsé, kò ní kí ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Nínú àpàlà, àgídìgbo ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá gbọ́ bí àgídìgbo ti ń sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan náà lásọtúnsọ, tí sẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń yí i ká, ti gbọ́ ohun tí básì wà fún.

Nígbà tí a kà nípa James Jamerson, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wá lára. Ní ìlú Detroit ni ó ti ta básì sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ilé-iṣẹ́ Motown ní àwọn ọdún 1960, ìka kan ṣoṣo ní ọwọ́ ọ̀tún ni ó sì fi ń ta á. Gbogbo ayé jó sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, títí di 1971, ilé-iṣẹ́ náà kì í kọ orúkọ àwọn tí ń lo ohun èlò sí ara àpò àwo. Àwọn ènìyàn mọ orin, wọn kò mọ ènìyàn. A rántí Bàbá Àgbà, tí orúkọ wọn kò sí lára ohunkóhun àfi lára ẹ̀rọ ìránṣọ.

Díẹ̀díẹ̀ ni a rí ọ̀nà. A kọ́ pé kí ìka tó wá ohùn, ẹnu ni kí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ẹni tí ó wà nídìí rédíò a jẹ́ kí ìlù mẹ́rin kọjá, a dá a dúró, àwa méjèèjì a sì fi ẹnu kọ ohun tí básì sọ. Bí a kò bá lè kọ ọ́, a kò tíì gbọ́ ọ nìyẹn, asán ni kí a máa fi ìka wá a kiri lórí okùn. Bí a bá ti kọ ọ́ tí ó tọ̀nà, ìka kì í pẹ́ rí i. Ìlù mẹ́rin ní alẹ́ kan, mẹ́jọ ní alẹ́ kejì. Orin kan lè gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

A tún kọ́ pé kásẹ́ẹ̀tì kì í sọ òtítọ́ ní gbogbo ìgbà. Bí òkúta rédíò bá ń kú lọ, ẹ̀rọ a máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, orin a falẹ̀, gbogbo ohùn rẹ̀ a sì wálẹ̀ pẹ̀lú. Orin tí ó wà lórí la lánàá a bọ́ sí àárín la àti ohùn tí ó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, níbi tí ìlà irin kankan kò sí lọ́rùn gìtá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a rò pé gìtá ni ó bàjẹ́. Nígbà tí ó yá, a mọ̀ pé kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti yí èèkàn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ohùn wọn lè bá ti rédíò mu ní alẹ́ yẹn. Gìtá wa kì í bá ohunkóhun lágbàáyé mu ní àwọn alẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi rédíò wa. Lónìí, tẹlifóònù lè fa orin falẹ̀ láìjẹ́ kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ìrọ̀rùn ńlá sì ni fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù náà ní àléébù tirẹ̀: ẹnu rẹ̀ kéré jù láti gbé ohùn ìsàlẹ̀ básì jáde. Ohun tí etí ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni àwọn ohùn òkè tí ń bá ohùn ìsàlẹ̀ rìn, ọpọlọ ni ó sì ń ro ìyókù fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ básì lórí tẹlifóònù, kí ó wá gbohùngbohùn tí a ń fi bo etí.

Ní ìsàlẹ̀ páálí ni a ti rí kásẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Kì í ṣe èyí tí a rà lọ́jà. Bàbá Àgbà ni wọ́n fi kálàmù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ara rẹ̀: Répétition. Ìdánrawò ẹgbẹ́ wọn ni. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan ka orí tábìlì, wọ́n sì ti jẹ́ kí ó máa gbọ́. A ń gbọ́ ẹ̀rín, a ń gbọ́ ìkọ́, a ń gbọ́ ẹnìkan tí ó ní kí a ti fèrèsé. Lẹ́yìn náà, orin a bẹ̀rẹ̀, Bàbá Àgbà a sì wọlé pẹ̀lú básì, ohùn wọn wúwo, ó dájú, kò sì kánjú.

Orin méje ni ó wà níbẹ̀. A kọ́ méjèèje títí a fi lè ta wọ́n láìgbọ́ rédíò. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń dà wá láàmú. Nínú orin kẹrin, ibì kan wà tí básì ti ń dákẹ́. Bàbá Àgbà a ń bọ̀ geere, bí wọ́n bá sì dé ibẹ̀, wọn a gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn fún ìlù mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wọn a padà wọlé. Ìgbà mẹ́ta ni ó ṣẹlẹ̀ nínú orin kan náà. Akọrin kò kọrin níbẹ̀, gìtá kékeré ń ta ohun tí ó ti ń ta tẹ́lẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àlàfo lásán ni, lójú tiwa. A rò ó títí, a sì parí èrò sí pé wọ́n gbàgbé ni, tàbí pé ọwọ́ ń ro wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ ìránṣọ. Ìdánrawò ni, kì í ṣe àwo tí a ó tà. Àwa sì wá ohùn mẹ́rin tí ó dára, a fi wọ́n dí àlàfo náà. Ó dùn létí wa. Kí a má purọ́, inú wa dùn pé àwa ọmọ ti tún iṣẹ́ bàbá ṣe.

Ẹgbẹ́ tí Bàbá Àgbà bá ṣeré kò tíì túká pátápátá. Àwọn ọmọ àwọn ìṣáájú ni ó kún inú rẹ̀ báyìí, àgbà kan ṣoṣo ni ó sì ṣẹ́kù nínú àwọn ti àtijọ́: Bàbá Onílù, tí wọ́n ń lu ìyáàlù dùndún. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, olórí ẹgbẹ́ wá sí ilé wa. Ẹni tí ń ta básì fún wọn kò gbádùn, ìgbéyàwó sì wà ní Kétu ní ọjọ́ kejì. Ó bi wá bóyá a mọ orin ẹgbẹ́. A ní a mọ̀ wọ́n láti òkè dé ilẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì wọn wà lọ́wọ́ wa. Kò sí àyè fún ìdánrawò. Ní òwúrọ̀ Sátidé, a ti wà lójú ọ̀nà, a gba Sákété, a gba Pobè, gìtá wà láàárín ẹsẹ̀ wa nínú ọkọ̀.

A kò ní sọ ẹni tí ó gbé gìtá kọ́rùn lọ́jọ́ náà nínú àwa méjèèjì. Èkejì dúró ti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ó sì ń yí bọ́tìnnì rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a ó gbọ́ bí gìtá Bàbá Àgbà ti rí nígbà tí a bá fún un ní gbogbo ẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá gbọ̀n. Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ geere, àwọn ọ̀dọ́ yíjú sí wa, orí wa wú.

A dé orí orin kẹrin. Ìyá àgbà kan wà ní iwájú, ìyá tí ó bí ìyá ìyàwó. Wọ́n ti ń jókòó láti òwúrọ̀, àwọn ọmọ ọmọ sì yí wọn ká. Bí orin ti dé ibi àlàfo, Bàbá Onílù tẹ̀ síwájú, wọ́n kọjú ìlù sí ìyá náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ìyá náà di ọ̀pá mú, wọ́n dìde. Ní ìṣẹ́jú kan náà, àwa fi ohùn mẹ́rin wa dí ibẹ̀. Ìyá náà dúró, wọn kò jó. Wọ́n tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ń tẹ́tí, wọ́n bi ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní nǹkan kan. Nígbà tí orin tún yí padà dé ibẹ̀, Bàbá Onílù wò wá, wọ́n tún lù ú. A rò pé wọ́n ń yìn wá ni, a sì fi agbára kún un. Ìyá náà rọra jókòó padà. Ní ìgbà kẹta, Bàbá Onílù gbé ọ̀pá ìlù sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n jẹ́ kí àwọn omele máa gbé orin náà lọ.

Kò sí ẹni tí ó bá wa wí ní gbangba. Ní alẹ́, nígbà tí a jẹun tán, Bàbá Onílù rán ọmọ kan sí wa. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìlù wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ni ó kọ́ yín ní ohun tí ẹ ń tà ní àárín orin kẹrin yẹn?"

A ní: "Ẹ má bínú, Bàbá, àwa fúnra wa ni a fi í sí i. Nínú kásẹ́ẹ̀tì, ó dà bí ẹni pé Bàbá Àgbà gbàgbé ibẹ̀."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni wọ́n ń gbà láyè láti sọ̀rọ̀."

Wọ́n wá là á yé wa. Tábìlì tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wà lórí rẹ̀ ní ọjọ́ ìdánrawò yẹn sún mọ́ akọrin àti básì. Àwọn fúnra wọn, nítorí ooru, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n kọjú sí ìta. Ẹ̀rọ kékeré náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ wọn. Àlàfo tí a rí, oríkì ni ó wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyáàlù ti ń ki ẹni tí ó ni òde, ó sì ní ìdí tí básì fi gbọ́dọ̀ dákẹ́.

Ìdí náà rọrùn, ó sì tijú wa pé àwa tí a ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò rò ó. Ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí ó gbé wa dé Kétu: ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìlù kò ní ahọ́n, kò ní ètè. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ní láti fi sọ̀rọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù àti ohùn básì jọ ń gbé àdúgbò kan náà ni. Bí básì oníná bá ń ké, tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè sì wà lẹ́yìn rẹ̀, a bo ohùn ìsàlẹ̀ ìlù mọ́lẹ̀. Ohun tí ó bá kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́, ariwo ni. Ènìyàn yóò gbọ́ pé ìlù ń dún, kò ní gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Bàbá Àgbà mọ èyí. Wọn a gbé ọwọ́ sókè fún ìlù mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ a jáde, wọn a sì padà. Ohun tí a pè ní ìgbàgbé, ìbọ̀wọ̀ ni.

Ní òwúrọ̀ Àìkú, Bàbá Onílù mú wa lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà náà. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, àbúrò kúnlẹ̀. A ṣàlàyé pé àwa ni a fi gìtá bo oríkì wọn mọ́lẹ̀, a sì bẹ̀bẹ̀. Ìyá náà wò wá títí. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ni? Mo rò pé etí mi ni ó ti lọ. Mi ò sùn."

Kò sí ìbáwí tí ó lè wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan dìde láti jó sí orúkọ àwọn baba ńlá wọn ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọmọ wọn, wọ́n sì jókòó padà nítorí pé wọ́n rò pé ọjọ́ ogbó ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Onílù kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ìlù kọ́ èjìká, wọ́n sì lu oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú àgbàlá, láìsí gìtá, láìsí ẹ̀rọ. Ìyá náà ń fi ẹnu dá ìlù lóhùn, wọ́n jó ìṣísẹ̀ díẹ̀. Àwa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ wa ṣófo.

Nígbà tí a padà dé Àjàṣẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a yá gbohùngbohùn tí a ń fi bo etí, a sì fi kásẹ́ẹ̀tì náà sínú rédíò. A dé ibi àlàfo orin kẹrin. Ìlù wà níbẹ̀. Ó jìnnà, ó kéré, bí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú kànga, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Láti ọdún méjì ni ó ti ń sọ̀rọ̀ sí wa. A kò gbọ́ ọ nítorí pé básì nìkan ni a ń wá, ibi tí básì kò bá sì sí, a ti pè é ní òfìfo.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lónìí, orin tí ó wà nínú tẹlifóònù ọmọ ilé-ìwé kan pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú gbogbo páálí Bàbá Àgbà lọ. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni ó kọ́ wa láti di gìtá mú. Òun ni ó kọ́ wa ní sùúrù, tí ó sì fún ìka wa lókun. Òun náà ni olùkọ́ tí kì í rẹ̀, tí kì í bínú, tí ó lè sọ ohun kan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ó ní ohun méjì tí kò lè ṣe. Kò lè gbọ́ wa: bí a bá ṣìnà, ó ń lọ, bí a bá dúró, ó ń lọ, kò fún wa láyè, kò sì bèèrè àyè lọ́wọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ìdí. Ó pa ohùn mọ́, kò pa ìdí ohùn mọ́. Ẹni tí ó bá fi kásẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ básì yóò mọ ibi tí a ti ń ta okùn. Ẹni tí ó bá bá ènìyàn jókòó ni yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí a má ta á.

Nítorí náà, a ti yí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ wa padà. A ṣì ń bá rédíò ta gìtá, ṣùgbọ́n kì í ṣe básì nìkan ni a ń tẹ́tí sí mọ́. Ní alẹ́ kan, ìlù nìkan ni a ó máa tẹ̀ lé nínú orin náà. Ní alẹ́ mìíràn, akọrin nìkan. A gbé àwo Jùjú Music ti King Sunny Adé, tí ó jáde ní 1982, a sì fi odidi oṣù kan gbọ́ bí básì àti dùndún ti ń pín ilẹ̀ láìjà. Ní ọjọ́ Àìkú, a ń gbé gìtá lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Onílù. Wọn kì í jẹ́ kí a gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè wá. Wọ́n ń lu ìlù, wọn a dáwọ́ dúró lójijì, wọn a bi wá pé: "Kí ni mo wí?" Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a kò ní ta gìtá.

Kásẹ́ẹ̀tì Répétition ti já lẹ́ẹ̀kan. A fi kálàmù Bic ká a, a lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìlù méjì sì sọnù nínú orin kejì títí láé. Kí ó tó tún já, a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè gbé e sínú kọ̀ǹpútà, Bàbá Onílù sì bá wa jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́rin. Orin kọ̀ọ̀kan, a ń dá a dúró, wọ́n ń sọ ẹni tí ń lu kí ni, ibi tí ó jókòó sí, ẹni tí a ń kì, ìdí tí a fi yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ìwé àjákọ méjì ni a fi kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní Faransé.

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, páálí bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ má fi kásẹ́ẹ̀tì náà pa mọ́ nìkan. Ẹ wá ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà láyé, kí ẹ sì béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibi tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan.

Ní ti àwa, gìtá kan ṣoṣo náà ni a ṣì ń lò, orí rẹ̀ ṣì ń fara ti àpótí aṣọ ìyá wa. Bí a bá dé àárín orin kẹrin, ẹni tí gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀ a gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, ẹni tí ó wà nídìí rédíò a sì yí ohùn sókè díẹ̀. Ìlù mẹ́jọ a kọjá. Lẹ́yìn náà, a ó padà wọlé.